Ọwọ́ Òsì Àǹtí Ìbídùn

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lórí àtẹ kí n tó jókòó kọ èyí. Awò ojú mi kò sí nítòsí, ojú mi kò sì rí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ìka mi ń bá wọn pàdé lábẹ́ ẹ̀wà, ó sì ń yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Ìbídùn, àbúrò bàbá mi, tí ìka wọn mọ nǹkan ju ojú ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí àwọn òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀, ẹ̀yìn rélùwéè ní Dùgbẹ̀ ni ilé wa wà. Akọ̀wé ni bàbá mi níbẹ̀. Èkìtì ni a ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ gbé àdúgbò náà nígbà náà yóò rántí èéfín ọkọ̀ ojú irin tó máa ń ba aṣọ funfun jẹ́ lórí okùn, àti bí a ṣe máa ń sáré lọ ká aṣọ nígbà tí a bá gbọ́ fèrè rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹni tó bá gbàgbé aṣọ sí ìta yóò tún un fọ̀, kò sì ní bá wa jẹ nínú ẹ̀pà tí a fi ń mu gàárì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ń ṣe ìjọba lórí àwa ọmọ. Wọ́n lè dárí irọ́ jini, wọ́n lè dárí àwo tó fọ́ jini, ṣùgbọ́n wọn kì í dárí ọwọ́ òsì ji ẹnikẹ́ni. Bí o bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, ìgbákọ ọbẹ̀ yóò ti bà ọ́ lẹ́yìn ọwọ́ kí o tó rántí. Bí o bá fi nàka sí ibì kan, orí ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lókè. “A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni,” ni wọ́n máa ń wí. Ọwọ́ òsì ni wọ́n bí mọ́ Dàpọ̀ àbúrò mi, nítorí náà, Ìyá Àgbà máa ń fi ọ̀já so ọwọ́ náà mọ́ ọn lára nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ jẹun. Dàpọ̀ á wá máa fi ọwọ́ ọ̀tún wá iyán kiri nínú àwo bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sódò.

Inú ilé yìí ni Àǹtí Ìbídùn wá bá wa. Ìgbóná, ìyẹn ṣànpọ̀nná, ló gba ojú wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, àwọn míṣọ́nnárì mú wọn lọ kọ́ bíréèlì, ìyẹn ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ wú sókè lára pépà, tí àwọn afọ́jú máa ń fi ìka kà. Kò sí iṣẹ́ ilé tí Àǹtí kì í ṣe. Wọ́n ń lọ ata lórí ọlọ, wọ́n ń dín àkàrà, wọ́n sì ń fi ìka gbé ẹyin iná tó bá já bọ́ padà sínú ààrò. Bí a bá ń ṣe bojúbojú, a kì í jẹ́ kí wọ́n bá wa ṣe é, nítorí kò sí ibi tí a lè sá pa mọ́ sí tí wọn kò ní gbọ́ èémí wa.

Ṣùgbọ́n bí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí yìí kan náà á di ẹlòmíràn lójú àwọn ènìyàn. Ìparí àga, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n máa ń jókòó sí. Bí ìsìn bá parí, àwọn tó ń jáde á máa ju kọ́bọ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin ìjọ, kò gbàgbé rí. “Gbà, ìwọ ọmọ yìí, fi ra ẹ̀kọ.” Bẹ́ẹ̀ Àǹtí kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á kó owó náà fún àwa ọmọ, wọn kò sì ní sọ̀rọ̀ títí a ó fi délé.

Ibi iṣẹ́ ni bàbá mi ti gbọ́ pé ilé ìkàwé kan wà tó ń yá àwọn tí kò lè fi ojú kàwé ní ìwé, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ̀wé sí ilé ìkàwé náà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí alápò lẹ́tà fi dé pẹ̀lú òógùn lójú, ó so àpò kànfáàsì ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Sítáǹbù kò sí lára rẹ̀, kò sì béèrè owó. Ìwé inú rẹ̀ fẹ̀ bí ọpọ́n. Ìwé tí àwa lè fi sí abíyá, odidi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò jẹ́ ní bíréèlì. Bí Àǹtí bá ti ka ọ̀kan tán, a ó yí káàdì ara àpò náà sí ojú kejì, níbi tí àdírẹ́sì ilé ìkàwé wà, a ó gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì, òmíràn á sì dé. Mo bi bàbá mi pé ta ló ń sanwó gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹni tó mọ ohun tí ebi ìwé jẹ́ ni.” Láti ìgbà náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ènìyàn náà tí n kò fi ojú rí rí.

Ọjọ́ tí ìwé àkọ́kọ́ dé, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ra ojú ewé rẹ̀, wọ́n pariwo: “Yéè! Ìgbóná ti mú ìwé yìí!”

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. “Màmá, ó mú èmi náà. Ìwé àti ẹni tó fẹ́ kà á, a kúkú jọra.”

Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti fọ ọwọ́ tí wọ́n sì nù ún gbẹ, Àǹtí á kàwé sí wa létí nígbà tí a bá ń bó ẹ̀gúsí. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti ṣàkíyèsí. “Àjíkẹ́,” oríkì Àǹtí nìyẹn, “ọwọ́ wo lo fi ń ka nǹkan yẹn?”

“Òsì ni, Màmá. Ọlọ àti iná ti jẹ́ kí ìka ọ̀tún mi yi. Bí mo bá fi kan ìwé, bí ẹni fi bàtà tẹ iyanrìn ni.”

Ìyá Àgbà hùn, wọ́n fi í sílẹ̀. Ìwé ìtàn lásán ṣáà ni.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí pásítọ̀ wá kí wa, tí wọ́n bá Àǹtí lórí ìwé. Wọ́n dúró, wọ́n tẹ́tí, wọ́n sì ní kí Àǹtí wá ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́ ìkórè àwọn obìnrin. Bàbá mi tún kọ̀wé, ilé ìkàwé sì fi apá tí a fẹ́ nínú Ìwé Mímọ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà dìde dúró.

“Ọwọ́ òsì? Lórí Ìwé Mímọ́? Níwájú gbogbo ìjọ? Wọn yóò ní n kò kọ́ ọ nílé.”

“Màmá,” ni Àǹtí wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀, “bí n kò bá kà á, kọ́bọ̀ ni wọn yóò máa jù sí mi lẹ́sẹ̀ títí n ó fi kú.”

Ìyá Àgbà di ọwọ́ ọ̀tún Àǹtí mú. “Kà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni kí o fi kà á.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìka kan ṣoṣo nìyẹn. Láràárọ̀, Ìyá Àgbà á rẹ ìka náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lálaalẹ́, wọ́n á fi òrí pa á bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára. Wọ́n ní Àǹtí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọlọ mọ́, ata lílọ̀ sì bọ́ sí mi lọ́rùn. Ata mi kì í kúnná. Bàbá mi béèrè lọ́jọ́ kan bóyá iyanrìn rélùwéè ló fẹ́ wọnú ọbẹ̀. Ìka náà rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí Àǹtí bá fi dán ìwé wò, ńṣe ni wọ́n ń ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi.

Ọjọ́ ìkórè pé. Bàbá mi gbé ìwé náà síwájú, èmi mú Àǹtí lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Wọ́n gbé ìka ọ̀tún lé e. Ọ̀rọ̀ mélòó kan jáde, ó sì dúró. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró níbi kan náà. Ìyá Ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tiwọn kì í kéré: “Ẹ lọ mú un sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti gbìyànjú, aláìríran ṣáà ni.” Ọ̀kan nínú àwọn sáídímáànù tó ń darí èrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì dìde, ó ń bọ̀.

Ìyá Àgbà ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n dìde lórí ìjókòó wọn, wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń pe ewúrẹ́ wálé kígbe:

“Àjíkẹ́! Fi èyí tó mọ̀ ọ́n kà á!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan yí ọrùn láti wo ẹni tó ń pariwo nínú ilé Ọlọ́run. Àǹtí gbé ọwọ́ òsì sórí ìwé, mo sì rí i tí èjìká wọn rọlẹ̀. Wọ́n ka ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń da omi láti inú kèrègbè, kò kọ́ wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n parí, bàbá arúgbó kan lẹ́yìn dáhùn “Àmín,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà kọ́ ni.

Lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Ẹgbẹ́ ṣí àpò ọwọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kọ́bọ̀ ti wà láàárín ìka wọn. Wọ́n wo Àǹtí, wọ́n wo ìwé ńlá tó wà lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n dá owó náà padà, wọ́n sì pa àpò dé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà,” ni wọ́n wí.

“Ẹ” ni wọ́n pe Àǹtí. Àǹtí kò dákẹ́ nígbà tí à ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n kọrin títí a fi kọjá rélùwéè. Nígbà tí a dé ibi oúnjẹ, inú Dàpọ̀ dùn, ó rò pé òfin ti yí padà, ó bá na ọwọ́ òsì sí ẹran. Ìgbákọ bà á bí ó ti yẹ. Ìyá Àgbà ní, “Ṣé o rí ìwé lára ẹran yẹn ni?”

Ayé ti yí padà. Ìyá Àgbà ti sùn, fèrè ọkọ̀ ojú irin ti di ohun tí a ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé níwájú tíṣà láìsí ẹni tó ń fi ọ̀já dè wọ́n. N kò sọ pé ó burú. Ní ayé ìjọ́un, ọwọ́ tó dára la ń dè. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọwọ́ wọn wà ní òmìnira kì í fi kan ìwé. Ohun tí kò yí padà ni pé àwọn ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń yá ni níwèé. Wọ́n ti ní ìwé tí wọ́n kà sínú kásẹ́ẹ̀tì báyìí, fún àwọn tí ojú wọn kò ríran, tí ìka wọn kò sì gbọ́ bíréèlì.

Mo gba ọ̀kan fún Àǹtí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e lọ sí ilé wọn ní Bódìjà. Wọ́n ti dàgbà gan-an. Mo fi í sínú ẹ̀rọ, wọ́n tẹ́tí sí i dáadáa, wọ́n mi orí, lẹ́yìn náà wọ́n wá bọ́tìnnì rẹ̀ kàn, wọ́n sì pa á.

“Ohùn ẹni náà dára, Ọlọ́run yóò bù kún un,” ni Àǹtí wí. “Bá mi dá a padà, kí ẹni tí ìka rẹ̀ ti kú lè rí i gbọ́. Sọ fún wọn pé ìwé ni kí wọ́n fún mi. Ẹni inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti kà á tán kí n tó débẹ̀. Èmi fẹ́ kà á fúnra mi.”