Abọ́ Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Inú Gìtá Pa Ndumbe

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi Sẹ̀kínà pè mí láti Japoma, àdúgbò tó ń gbé. Òun náà ń tún gìtá ṣe báyìí. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣọ́ra o. Ọkùnrin kan wà ní Ndogbong tó ń ra irin inú gìtá àtijọ́, tó ń yọ́ wọn." Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ìgbà ọ̀wọ́n owó tí wọ́n ń pè ní la crise ni mo kọ́ṣẹ́ ní Nkololoun, àdúgbò kan nílùú èbúté tí à ń gbé. Wọ́n ti dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ èbúté, mo sì ń pọn Sẹ̀kínà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ràímì, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ọ̀fà tó ń tún gìtá ṣe. Bí wọ́n bá ti ń rẹ́ pákó, mo ti fi ìborùn bo ọmọ nímú. Bàbá a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyá Sẹ̀kínà, ọmọ lo pọ̀n ni àbí ẹyin?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Pa Ndumbe gbé gìtá rẹ̀ wá. Ó ń ta gìtá nílé ọtí kan tí wọ́n ti gé iná rẹ̀. Gìtá yẹn nìkan ló lè dún kí gbogbo ilé gbọ́ láìsí iná, òun ló sì ń bọ́ ìdílé rẹ̀. Atukọ̀ òkun kan ló fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá Ràímì fúnra rẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí.

Igi ni ara gìtá náà, ṣùgbọ́n àwo irin oníhò wà láyà rẹ̀. Lábẹ́ àwo yìí ni abọ́ alumíníọ̀mù kan dojú dé, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Igi róbótó kékeré jókòó sí góńgó orí abọ́ náà, òun ló gbé okùn dúró. Bí a bá ta okùn, abọ́ á gbọ̀n, ohùn á sì jáde gbangba. Ìyàwó Pa Ndumbe ló gbé àpò ìrẹsì lé gìtá náà. Góńgó abọ́ wọnú.

Bàbá ní, "Kò le. Hàmídù á rọ òmíràn."

Hàmídù ni aládùúgbò wa tó ń yọ́ alumíníọ̀mù tó ti bàjẹ́, tó fi ń rọ ìkòkò. Ó tẹ abọ́ náà sínú iyanrìn láti gba ìrísí rẹ̀, ó rọ tuntun tó ń dán, ó sì ju ti àtijọ́ sínú agbọ̀n àlòkù. A to tuntun sínú gìtá. Pa Ndumbe ta okùn. Ohùn ọ̀hún dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Pa Ndumbe gbé gìtá sílẹ̀. "Papa, e no di talk again."

Bàbá di orí mú. "Ó nípọn jù. Ti àkọ́kọ́ dà?"

Ẹwìrì Hàmídù ti ń fẹ́ iná lódìkejì ọ̀nà. N kì í gbé ọmọ mi súnmọ́ iná yẹn. Mo tú u lẹ́yìn, mo gbé e lé Pa Ndumbe lọ́wọ́, ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. "Pa, hold am fine!" Mo sáré.

Hàmídù ti gbé agbọ̀n sókè. "Mami, comot! Fire no get friend!"

Mo di agbọ̀n mú, mo tú u wò. Abọ́ náà wà lábẹ́ ìdérí ìkòkò kan, kò tíì fọ́.

Bàbá gbẹ́ igi kan tó bá ikùn abọ́ mu, ó sì fi abọ́ dé e lórí. Mo wá ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ abọ́ náà yípo yípo, láti etí lọ sí góńgó.

Bàbá ní, "Rọra, bí ẹni ń para fún ọmọ ìkókó. Ìwọ lo mọ̀yẹn jù mí lọ."

Nígbà tí góńgó náà ti yọ síta padà, a dá abọ́ sínú gìtá. Bí Pa Ndumbe ṣe tún ta okùn, Hàmídù rọ́ wọlé tòun ti èédú lọ́wọ́. "Na dat small plate di shout so?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Pa Ndumbe wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sì ń fi abọ́ tuntun yẹn dé ìkòkò ìrẹsì.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá gbé nǹkan fún oníṣẹ́ ọwọ́ pé kó tún un ṣe, ẹ gba ohun tó bá yọ nínú rẹ̀ padà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sílé, ì báà ti wó.