Ẹni Tó Túfọ̀ Bàbá Mi

Ọmọ mi obìnrin ló túfọ̀ bàbá mi fún mi. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà, eyín iwájú kò tíì hù padà sí i lẹ́nu. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn wa ní Iléṣà, wọ́n á ní háà, irú ọmọ wo nìyẹn? Èmi a sì dá wọn lóhùn pé irú èyí tí mo bí ni.

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ikú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, ńṣe ni wọ́n kó gbogbo àwa ọmọ kéékèèké lọ sílé aládùúgbò, wọ́n fún wa ní búrẹ́dì, wọ́n ní Màmá rìnrìn àjò. Mo fi ìdajì búrẹ́dì tèmi pamọ́ dè wọ́n títí ó fi bu. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọn ò ní wá mọ́. Ara mi ni mo bi léèrè, ara mi náà ló dá mi lóhùn. Síbẹ̀, nígbà tí mo bí ọmọ tèmi, irọ́ kan náà ni mo tọ́jú dè é. Ó ti wà lẹ́nu mi, òkú nìkan ni mo ń retí.

Màídúgùrì ni mo bí i sí. Olùkọ́ ni mí, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, àdúgbò kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wulari la sì ń gbé. Ọmọ náà gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Bàbá mi ló ń bá wa tún Yorùbá rẹ̀ ṣe lórí fóònù láti Iléṣà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pè, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í sì í yí padà: "Ràkúnmí yín ńkọ́?" Bàbá gbà pé kò sí ilé ní Màídúgùrì tí kò so ràkúnmí mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Àwa ò ní ju adìyẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í já wọn kulẹ̀: "Ó wà, Bàbá. Ó ti jẹun. Ó tutọ́ sí mi lára lánàá." Bàbá á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi mú wọn. Bàbá Ràkúnmí ni ọmọ náà ń pè wọ́n.

Lọ́dún tí ọmọ náà pé méje, baba arúgbó tí ilé wọn kọjú sí tiwa kú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti sin wọ́n. Wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé fún àwọn ọkùnrin. Àwọn obìnrin wà nínú àgbàlá lọ́dọ̀ ìyàwó wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Hajja. Ọmọ-ọmọ Hajja ni ọ̀rẹ́ ọmọ mi, n kò sì tètè mọ̀ pé tèmi ti tẹ̀lé e wọlé. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá a tó wé gèlè mi mọ́rí, tó jókòó láàárín àwọn àgbàlagbà bí ẹni tí ogún kàn.

"Dìde kíá," mo ní. "Ilé ọ̀fọ̀ kì í ṣe ibi eré."

Hajja gbójú sókè. "Bar ta," wọ́n ní. Kí n fi í sílẹ̀.

Mo fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Títí wọ́n fi ká ẹní ní ọjọ́ kẹta, ibẹ̀ ló ń gbà lọ tó bá ti ti ilé ìwé dé. Mo wá bi í pé kí ló tilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀.

"A kì í ṣe nǹkan kan, Mọ́mì. A kàn máa ń jókòó ni. Tí èèyàn bá wọlé, á ní 'Allah ya jiƙansa', kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, àwa á ní àmín."

"Ṣé o mọ ibi tí baba náà lọ?"

Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé. "Wọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n kú ni. Wọn ò lè wá mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jókòó ti Hajja."

Irọ́ tí mo ti tọ́jú látọjọ́ yìí, mo gbé e mì.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo lọ sọ́jà, àbúrò bàbá mi obìnrin tí a ń pè ní Àǹtí pe ọkọ mi láti Iléṣà. Bàbá ti kú. Àǹtí kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ fún mi. Báwa ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á ní ara Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá, kí n máa bọ̀ nílé, tí mo bá dé, tí mo jẹun, tí àwọn tó máa dì mí mú ti yí mi ká, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó tú u. Ọkọ mi gbà, ó wọ yàrá lọ, ó ń di aṣọ mi sínú báàgì. Àmọ́ Àǹtí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù, ọmọ sì wà ní pálọ̀.

Bí mo ṣe sọ̀ nínú Màrúwá, ẹní ilé wa ni mo rí tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu géètì. Ọmọ mi jókòó lé e pẹ̀lú gèlè mi lórí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Eré wo tún nìyí? Ẹ wá gba ẹrù lọ́wọ́ mi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì, Allah ya jiƙan Bàbá."

"Àmín," mo ní. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu látọjọ́ tí mo ti ń gbé ìlú náà. Ẹnu dáhùn kí etí tó gbọ́. "Bàbá wo?"

"Bàbá Ràkúnmí. Àǹtí ló sọ fún Dádì. Wọ́n ti kú, Mọ́mì. Ẹ wá jókòó."

Gbogbo tòmátì tí mo rà dà sílẹ̀. Ọkọ mi sáré jáde pẹ̀lú búláòsì mi lọ́wọ́, ó jágbe mọ́ ọmọ náà: "Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Ó ti ń sunkún, ṣùgbọ́n ó dáhùn. "Mi ò fẹ́ kí Mọ́mì dé kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni lórí ẹní."

Mo jókòó. Mo sunkún bàbá mi ní gbangba, níwájú géètì ara mi, ojú ò sì tì mí. Kò pẹ́ tí Hajja fi dé pẹ̀lú àwọn ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n jókòó tì mí. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wá jókòó ti ọkọ mi, òun náà tó fẹ́ pa á mọ́ wá ń ṣe àmín. Hajja bi ọmọ mi ní Hausa pé irú èèyàn wo ni olóògbé. Ó ní wọ́n máa ń béèrè ràkúnmí wa. Hajja yọjú wo ẹ̀yìnkùlé wa láti wá ràkúnmí. Ẹkún tó wà lọ́fun mi di ẹ̀rín.

Nígbà tí Àǹtí pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ara Bàbá tí kò fi bẹ́ẹ̀ yá, mo ní mo ti gbọ́, mo sì sọ ẹni tó sọ fún mi.

"Ọmọ ọdún méje? Ṣé ẹ ti di ìmàle lọ́hùn-ún ni?"

N kì í bú àgbà. Mo kàn ní ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ ni.

A dé Iléṣà, wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ ilé jọ láti kó wọn lọ sílé aládùúgbò, wọ́n sì ń pín búrẹ́dì. Bàbá rìnrìn àjò, Àǹtí ń sọ fún wọn.

"Rárá o," ọmọ mi ní. "Bàbá kú ni. Wọn ò ní pè wá mọ́." Ó wo yíká. "Ta ló jókòó ti Màmá?"

Ìyá mi wà ní yàrá. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, wọn ò sunkún, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ti ń ba gbogbo ilé. Ọmọ mi yọ ẹní kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e rù, ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ, àwọn ọmọ yòókù sì tò tẹ̀lé e. Ó tẹ́ ẹní síbi ẹsẹ̀ wọn. Gbogbo wọn jókòó tì wọ́n. Àǹtí ti na ọwọ́ láti lé wọn jáde.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ìyá mi ní.

Àǹtí ká ọwọ́ kò. Ìyá mi fa ọmọ mi mọ́ra, wọ́n wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Ràkúnmí yín ńkọ́?"

"Ó ti gbọ́, Màmá," ọmọ mi ní. "Ó jókòó sílé."

Ìgbà náà ni ẹkún bọ́ lójú ìyá mi. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó wá kí wọn, bi àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ta ló bí ọmọ yìí. Mo ní èmi ni. Mo sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà níta náà lè gbọ́.