Àlejò Tó Ń Wọn Ògiri

Tẹ́ ẹ bá dé etíkun wa, ẹ béèrè Màmá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọdé gan-an á mú yín débẹ̀. Ìyá ìyá Màmá ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, wọ́n sì ń gba àlejò síbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn olówó ti ń wá gbatẹ́gùn létí òkun. Àtẹ̀gùn onígi ń dún kéù-kéù, iyọ̀ ti jẹ ọ̀dà ara fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àlejò ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti èṣí tí wọ́n ti wó ilé méjì ní àdúgbò, tí wọ́n ní wọ́n ti gbó jù, kí wọ́n lè fi òtẹ́ẹ̀lì gogoro rọ́pò wọn, Màmá ò fọkàn tán ẹnì kankan mọ́. Ẹ tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe.

Ni ọkùnrin kan bá wá gba yàrá. Àní kò wo òkun lẹ́ẹ̀kan péré! Ta ló ń wá sétíkun kó wá kẹ̀yìn sómi? Ògiri ló ń fi tépù wọ̀n, ó ń gbá òpó wò, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.  Màmá ń yọjú wò ó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àwọn awólé ló rán an," ló ń sọ nínú ara rẹ̀. "Wọn ò ní rí tèmi wó láéláé!"

Bí ọkùnrin náà ṣe ń jẹun àárọ̀, ó ní, "Màmá, ilé yìí á ti pẹ́ gan-an o. Ta ló kọ́ ọ?"

"Pẹ́ kẹ̀? Èmi ni mo kọ́ ọ, kò tíì pé ogún ọdún. Ọgbọ́n la fi ṣe é kó lè jọ ti àtijọ́, ká fi fa àlejò mọ́ra."

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Àgbà bíi tèmi á wá máa parọ́?"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó fagi lé ohun tó kọ sínú ìwé. "Ó mà ṣe o. Ilé àtijọ́ ni ìjọba ní ká máa kọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè wó wọn mọ́. Òní la ó parí ẹ̀."

Ife bọ́ lọ́wọ́ Màmá. "Yéè, mo gbé! Irọ́ ni mo pa, ọ̀gá! Ìyá ìyá mi ló kọ́ ọ!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ká tépù rẹ̀ sápò.

"Màmá, kò sí onílé tó gbọ́ ohun tí mo wá ṣe tí kì í sọ pé ìyá ìyá òun ló kọ́ ilé òun. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún mi. Ẹ ṣé gan-an."