Ìdajì Ẹyin

Nígbà tí wọ́n gbé abọ́ náà síwájú mi, ẹyin ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n ti là á sí méjì, pupa inú rẹ̀ ń dán bí oyin, ó léfòó lórí omi ọbẹ̀ adìẹ àti nǹkan gígùn bí ìndómì, èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní ráámẹ̀n. Ẹ̀gbọ́n Rámọ́tà ló mú mi wá sílé oúnjẹ náà. A jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Romeoville ni, ọjọ́ ìsinmi wa la fi wọ Chicago.

"Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, mo ti béèrè," ni wọ́n wí. "Jẹun jàre. Kí lò ń wò bí ẹni rí ejò?"

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi ẹyin jẹ búrẹ́dì kí bọ́ọ̀sì skúùlù tó dé, ẹ ò lè mọ̀ pé nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, wọn kì í fún ọmọdé ní ẹyin. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin yóò jalè. Àwa ọmọ la máa ń wá ẹyin náà kiri lẹ́yìn ìkòkò àti nínú apẹ̀rẹ̀ àlòkù, a ó kó o fún wọn, wọ́n á sì jẹ ẹ́ lójú wa. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá àwọn náà ń jalè.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti Sìkírá ọ̀rẹ́ mi rí ẹyin kan lẹ́yìn ilé ìdáná. A sè é nínú omi tí wọ́n gbé kaná fún ẹ̀kọ. Sìkírá fa òwú kan yọ lára ìró rẹ̀, ó fi gé e sí méjì. Ó ti gbé tirẹ̀ mì, èmi ṣì ń lá pupa tèmi lọ́wọ́, nígbà tí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń tọ́ mi, yọ sí wa. Ọwọ́ mi nìkan ni wọ́n ti rí ẹyin, mi ò sì dárúkọ Sìkírá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Ẹlẹ́yin. "Ẹlẹ́yin ń bọ̀, ẹ gbé ẹran yín sókè." Àwọn ará ilé á wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀kì tíṣà sọnù ní kíláàsì, gbogbo ojú yí sí mi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí i lábẹ́ àpótí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Praimari kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé. Títí dòní, bí a bá ń jáde níbi iṣẹ́, mo máa ń ṣí báàgì mi kí wọ́n tó ní kí n ṣí i.

Ìdajì ẹyin sọ mí dolè. Ìdajì kejì ò ṣe Sìkírá ní nǹkan kan. Ó ti di tíṣà.

Mi ò jalè rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ níbí, nítorí mi ò sọ ọ́ nígbà náà.

Mo sọ ìtàn náà fún Ẹ̀gbọ́n Rámọ́tà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Irọ́ kan náà ni wọ́n pa fún wa ní Ìwó. Ẹyin wọn ni wọn ò fẹ́ ká jẹ."

Mo jẹ ìdajì méjèèjì tó wà nínú abọ́, mo sì nawọ́ sókè. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń gbẹnu sọ fún mi níbi gbogbo, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mo la ẹnu: "One more egg, please." Ohùn mi lọ sókè débi tí àwọn tó wà nítòsí fi wò mí.

"Òmíràn kẹ̀?" ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ọwọ́ rẹ á gùn bí ti olè o."

"Ẹ jẹ́ kó gùn, mà."

Ìyá Àgbà ti kú. Bí wọ́n bá wà láàyè, màá ṣì kúnlẹ̀ kí wọn, nítorí ìyẹn ò yí padà. Àwọn ará ilé ṣì ń pè mí ní Ẹlẹ́yin bí mo bá fóònù sílé. Mo ti ń jẹ́ ẹ báyìí láìdorí kodò.

Wọ́n gbé ẹyin náà dé, ó wà ní méjì. Ìdajì kan, mo jẹ ẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀; kò sẹ́nì kankan. Ìdajì kejì, mo jẹ ẹ́ náà, mo sì rọra jẹ ẹ́.