Ṣọ́ọ̀kì Tí Yóò Gbé Dora Dé Òkìtìpupa

Nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Òde-Ayé sí Òkìtìpupa, jíìpù Aníwúrà nìkan ló jẹ́ pé obìnrin ló ni ín. Lucas ọkọ rẹ̀ ló rà á lọ́wọ́ àwọn òyìnbó onígẹdú nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ kúrò nínú igbó. Ọdún 1966 ni Lucas kú. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n ta jíìpù náà, Aníwúrà ní òun kò tà á. Ó bẹ Benedict, àbúrò Lucas, pé kó máa wà á, òun fúnra rẹ̀ sì ń jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn garawa epo pupa, nítorí ó ní ẹni tó bá ni epo ni kó máa ṣọ́ epo. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi jókòó bẹ́ẹ̀. Kò mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà yẹn tí ìbàdí rẹ̀ kò mọ̀ ju bí ojú Benedict ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1970 ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn jíìpù náà kú. Irin rọ̀bọ̀tọ̀ méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, òróró sì wà nínú wọn. Àwọn ni wọ́n máa ń di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú kó má baà máa ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n so bí táyà bá bọ́ sí kòtò. Ti òsì já kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́, ti ọ̀tún da gbogbo òróró inú rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kòtò kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ọkọ̀ á fò lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó fara balẹ̀. Garawa epo méjì ti là. Aníwúrà ní bí òjò ọdún náà bá lọ tán, òun á wá nǹkan ṣe sí i.

Dora nìkan ló kù fún un nínú ọmọ mẹ́rin tó bí. Olúyọmí ọkọ Dora ń ṣe sójà. Ó wá ìsinmi sílé ní ìparí oṣù Kọkànlá, ó sì padà sójú ogun. Ogun parí ní oṣù Kìíní, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun kò dé, lẹ́tà rẹ̀ náà kò sì dé. Títí oyún Dora fi pé oṣù méje, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọmọ tó ń bọ̀ yìí ní bàbá láyé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹfà, Dora jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe púpurú. Nígbà tó dìde, ẹ̀jẹ̀ wà lórí àpótí náà. Ó ní kò dun òun, pé òun kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó wá. Ìyẹn gan-an ló ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù.

Síísítà Mildred, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wọn, rọra tẹ ikùn Dora wò. Ó ṣàlàyé pé ibi ọmọ ló ṣáájú ọmọ, ó ti dí ẹnu ọ̀nà. Dora kò lè bí i fúnra rẹ̀. Àfi kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òkìtìpupa, níbi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó ti kọ́kọ́ fi ìwé rán ọmọkùnrin kan tó ní alùpùpù pé kí wọ́n fi ọkọ̀ wá gbé e, èsì tó padà wá ni pé ọkọ̀ wọn kò sí nílé, kò sì ní dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Mildred wá mú Aníwúrà lọ sí ẹ̀yìn ilé.

"Ìyá Dora, mo ti wọ ọkọ̀ yín rí. Bó ṣe ń fò yẹn, ẹ ò ní gbé e dé láàyè. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dá báyìí, ṣùgbọ́n ó ń padà bọ̀. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ọkọ̀ yẹn kó tó di Ọjọ́bọ̀."

Àwọn ọkùnrin àdúgbò dábàá pé kí àwọn fi ibùsùn rù ú. Ọ̀nà ń yọ̀, odò kún, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì padà dé láàárín igbó, ta ni yóò sáré? Bọ̀lẹ̀kájà tó ń gbé igi, fífò tiwọn tún le ju ti jíìpù lọ. Bó ṣe di pé àfi jíìpù náà nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, Aníwúrà àti Benedict dé ṣọ́ọ̀bù Ọlátúndé tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Òkìtìpupa. Nítorí ogun, ọjà òkè òkun kò wọlé dáadáa. Ọlátúndé kò ní ti jíìpù, ṣùgbọ́n ó ní ti lọ́rì, méjì tuntun tí wọ́n ṣì fi bébà wé. Ó gbé e síwájú Aníwúrà, ó ní kó wo bó ṣe nípọn tó, pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀. Benedict ní ọ̀rọ̀ ti parí. Aníwúrà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ irin náà mọ́lẹ̀, ó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé e. Kò wọlé tó ìwọ̀n ìka kan.

Ó ní kí Ọlátúndé bá òun fi pa mọ́. Ó mú Benedict lọ sọ́dọ̀ Vincent, mẹkáníìkì tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti ìgbà àwọn onígẹdú. Lọ́rì òfìfo kan wà níwájú rẹ̀ tó ní irú ṣọ́ọ̀kì tuntun bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Aníwúrà gun ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n gbé e dé ìkòríta, kí wọ́n sì gbé e padà. Kí wọ́n tó dé ìkòríta, ọkọ̀ ti gbé e lu pákó lẹ́ẹ̀mẹta, ó gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Vincent ní ẹrù tọ́ọ̀nù márùn-ún ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe nǹkan yẹn. Bí ẹrù kò bá wúwo lórí rẹ̀, kì í tẹ̀, ṣe ni yóò máa ju ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ó ní jíìpù kan wà tí igi wó pa iwájú rẹ̀ ní ilé ìlagi kan lọ́nà Ìjù-Odò, irú ti Aníwúrà gan-an. Kí wọ́n lọ wo ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sì kọ́ Aníwúrà bí wọ́n ṣe ń dán an wò: kó gbé e dúró, kó fà á, kó tì í. Èyí tó bá dára á máa bá a du ú ní lílọ àti ní bíbọ̀, kò ní sáré, kò ní há. Èyí tó bá ti bàjẹ́, ọwọ́ á kọ́kọ́ yọ́ wọlé lófìfo kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú òjò, Benedict tú méjèèjì lábẹ́ jíìpù tí igi wó lù náà. Aníwúrà fà wọ́n, ó tì wọ́n. Ọ̀kan bá a du ú dáadáa. Èkejì yọ́ wọlé ìka méjì lófìfo, òróró sì yí ọrùn rẹ̀ ká. Ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀, ó tún un dán wò lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni tó rò pé bí òun bá bẹ̀ ẹ́, á yí padà.

Wọ́n gbé méjèèjì dé ọ̀dọ̀ Vincent. Ó tú èyí tó ń jò, ó da òróró tuntun sí i, ó gé rọ́bà inú táyà, ó fi dí ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́.

"Mọ̀mọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Ti lọ́rì yẹn á pẹ́ ju ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀ lọ. Èyí, n kò lè búra pé á dé ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

"Èwo ló máa rọ ọmọ mi lára jù láti Òde-Ayé dé ibí?"

"Bí kò bá tíì bàjẹ́, èyí ni."

Benedict bẹ̀ ẹ́. Ó ní ohun tí kò ní dé ilé kì í ṣe ohun tí à ń gbé ọmọ ẹni lé. Aníwúrà tún fa àlòkù náà wò, ó tì í. Ó mọ̀ pé bí òun bá mú tuntun, tí Dora sì kú, ayé kò ní bá òun wí. Bí òun bá mú àlòkù, tí Dora sì kú, òun ni wọ́n máa dárúkọ. Ó ní kí Vincent so àlòkù mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Aníwúrà kò jókòó. Ó sùn gbalaja sórí pákó ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí Dora máa sùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọjá kòtò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Ó sunkún níbẹ̀, Benedict kò sì bojú wẹ̀yìn.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n gbéra. Bẹ́ẹ̀dì olówùú méjì ni wọ́n tẹ́ léra fún Dora, Síísítà Mildred wà níbi orí rẹ̀, Aníwúrà níbi ẹsẹ̀. Benedict ń rọra bí ẹni ń gbé ẹyin. Nígbà tí wọ́n kọjá ìlàjì ọ̀nà, Aníwúrà gbọ́ ọ lábẹ́ ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sílẹ̀, ó gòkè, ó tún gòkè. Ó ní kí Benedict dúró. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, òróró ń ṣàn lára táyà òsì, rọ́bà tí Vincent fi dí i ti fò yọ.

Wọ́n rọra fa Dora sí apá ọ̀tún, níbi tí èyí tó dára wà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń bọ̀ láti oko ọ̀pẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ṣíwájú ọkọ̀, wọ́n ń gé imọ̀ ọ̀pẹ dí àwọn kòtò tó burú. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ ń rìn. Ìrìn náà rọ̀. Aníwúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí nígbà tí Dora fi ẹsẹ̀ kàn án.

"Yèyé, abẹ́ mi ti ń tutù."

Mildred ṣí aṣọ wò, ó sì gbójú sókè. Ẹ̀jẹ̀ ti padà dé. Ọjọ́ méjì ni Aníwúrà fi wá ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè rọra rìn, rírọra yẹn gan-an ló sì fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ báyìí.

"Ọkọ mi," ló wí fún Benedict, "ẹ máa sáré."

Benedict sáré. Aníwúrà bọ́ sáàárín pákó àti Dora, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí àyà bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó fi apá méjèèjì dì í mú. Gbogbo kòtò tó ti mọ̀ láti ọdún mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá bá a lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ Dora ń gbóná lára rẹ̀, ó ń tutù. Ó ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Dora kọ́kọ́ ń dáhùn, nígbà tó yá, kò dáhùn mọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára Benedict, tirẹ̀ bá ti Dora mu. Ti Aníwúrà kò bá a mu, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìlè dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó láti ejìká dé ìbàdí. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó wá sọ fún un pé Dora wà láàyè. Wọ́n bí obìnrin, ó kéré púpọ̀. Ọmọ náà mí títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kó tó kú.

Aníwúrà lọ bi Vincent léèrè bóyá tuntun yẹn ì bá sàn jù. Vincent ronú sí i. Ó ní òun kò mọ̀.

Ìyẹn ló gbé délé, ìyẹn ló ń bá sùn. Àwọn ará àdúgbò kò sọ ohunkóhun lójú rẹ̀. Nígbà tí Olúyọmí fi ẹsẹ̀ kan tó dá lójú ogun tiro wọ Òde-Ayé nínú oṣù Kẹsàn-án, òun kò bi í ní nǹkan kan rárá, ó kàn dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tú Dora sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti tẹ́ aṣọ sí iwájú ọkọ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ Benedict. Dora dúró, ó di ilẹ̀kùn mú, ó wo ìyá rẹ̀ tó ń gun ẹ̀yìn pẹ̀lú ìrora.

"Yèyé, ẹ sún díẹ̀," ló wí. "Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ jókòó sí."