Ọmọ Tó Fi Ẹ̀rín Túfọ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti ń ṣọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní yunifásítì náà, kò sì sí irú ẹkún tí kò tíì gbọ́ nídìí tábìlì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda fún ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé. Bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ìyá àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọmọ kan tilẹ̀ wà tó pa ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kì í bá wọn jiyàn, ojú wọn ló máa ń wò. Omijé òótọ́ àti omijé àbòsí, ó mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó ń gbé yàrá kọkànlá dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ káàsán, màmá. Bàbá mi kú láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ lọ sin wọ́n. Ọkọ̀ máa gbéra ní aago méjì."

Inú bí Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Bàbá ẹni kú, ẹni ń rẹ́rìn-ín! Ó tán!

"Ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣeré? Padà sí yàrá rẹ, kó o lọ kàwé."

"Ẹ má bínú, ma. Ẹ jẹ́ n kọ orúkọ mi sílẹ̀ ná, bóyá ẹ ó tún un rò."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù mọ́ra, ó kọ orúkọ, ó kọ nọ́ńbà yàrá, ó kọ déètì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Ìwé náà ṣófo. Kò ṣí ìdérí bírò tó fi ń kọ ọ́.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbójú kúrò lára ìwé náà, ó wo ọmọ náà. "Ọmọ mi, kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Nílé wa, màmá, ẹni tó bá túfọ̀ ló gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, kó má bàa wúwo jù fún ẹni tó ń gbọ́ ọ."

Ẹnu ya Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rù tilẹ̀ bà á. Ọmọ ogún ọdún! Ikú bàbá rẹ̀ ń jó o láyà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń lé e dànù ló ń rò. Mélòó ni òun ti lé padà nídìí tábìlì yìí nítorí pé ojú wọn gbẹ?

Ó buwọ́ lùwé, ó gbé báàgì ọmọ náà, ó sìn ín dé ìdíkọ̀. Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú Ìyá Kọ́kọ́rọ́, kò sì rí i dá dúró. Ọmọ náà fọwọ́ bà á léjìká.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ má sunkún mọ́." Ó wọ ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i láti ojú fèrèsé.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí i padà. Ẹnu rẹ̀ kọ̀.