Ẹ̀bùnlọlá àti Àdúrà Jọ́ọ̀bù

Ẹ gbọ́ ná, kí la ń pè ní jọ́ọ̀bù gan-an? Ní Fẹ́sítàkì, ní nǹkan bí ọdún 2006, tí wọ́n bá ní ẹnìkan ti rí jọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń wí: táì lọ́rùn, káàdì láyà. Ẹ̀bùnlọlá ò ní ìkankan níbẹ̀. Páìpù omi ló ń tò. Bí omi ò bá gòkè nílé èyíkéyìí títí dé Agbójú, òun ni wọ́n ń pè. Á wọ bàtà òjò, á bọ́ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú Dàmọ́lá, baálé ilé tó gbà síṣẹ́. Obìnrin gidi ni, mi ò purọ́!

Àmọ́ lójú bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ yìí ò tíì ríṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ní ìparí oṣù, pásítọ̀ máa ń ní kí àwọn tó ń wá jọ́ọ̀bù bọ́ síwájú fún àdúrà. Bàbá á fi ìgúnpá tì í: "Dìde." Á sì dìde, torí kò fẹ́ já bàbá rẹ̀ kulẹ̀.

Àṣé Dàmọ́lá, tóun náà ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ń wò ó láti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Ajé kan ló sọ ọ́ jáde.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Jọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ̀ ń gbàdúrà sí yìí, tẹ́ ẹ bá rí i, kí ni mo fẹ́ fi bọ́ àwọn ọmọ mi? Mo ti ń wá ibòmíràn ní Máìlì Tú."

 Níbo ni Ẹ̀bùnlọlá ti fẹ́ rí irú Dàmọ́lá?

Nígbà tí àdúrà tún dé, tí bàbá fi ìgúnpá tì í, kò mira.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò jáde. Mo níṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí bí bàbá nínú. Ló bá jáde fúnra rẹ̀. Pásítọ̀ bi í pé ta ló dúró fún.

"Ọmọ mi ni. Kò níṣẹ́."

Háà! Níṣojú gbogbo ìjọ! Ojú ti Ẹ̀bùnlọlá débi pé kò lè gbórí sókè. Ṣùgbọ́n Dàmọ́lá, tó jókòó lẹ́yìn wọn, ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ. Ó dìde, ó lọ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ forí jìn mí. Ọmọ yín tẹ́ ẹ ní kò níṣẹ́ yìí ló gbà mí síṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ la fi ń jẹun nílé mi."

 Bàbá wo Dàmọ́lá, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó rọra padà wá jókòó. Ló bá bi í ní ohun tí kò bi í rí láyé:

"Ẹ̀bùn, ìwọ àti ọkùnrin yẹn, níbo lẹ ti máa ṣiṣẹ́ lọ́la?"